Orúkọ Òbúkọ Náà

Ní Nida, níbi tí iyanrìn ti ń rìn lóru
bí àlejò tí kò fẹ́ kí ajá gbó,
mo jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bọ́jú,
mo fẹ́ ka lẹ́tà àwọn tó ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ mi.
Ẹ̀rọ ní, "Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ kò tọ̀nà."
Mo wá awò ojú mi, mo tún un tẹ̀.
Ó ní èmi fúnra mi ni mo yí i padà ní aago mẹ́ta òru.
Èmi? Aago mẹ́ta òru, mo ń hanrun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Kazimiera pè láti Klaipėda:
"Rimvydas, ilé ìwòsàn wo lo wà?
Mo ṣì ń wá igba yúrò tí o ní kí n yá ọ."
Èmi tí mi ò tọrọ iyọ̀ rí lọ́wọ́ aládùúgbò!
Olè ti gbé ẹ̀wù mi wọ̀, ó ń fi orúkọ mi ṣagbe,
ó tilẹ̀ kọ "jọ̀wọ́" sí i.
Ibẹ̀ ló yẹ kí Kazimiera ti fura.

Kò fọ́ fèrèsé, kò jálẹ̀kùn.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan wọlé, ó ní ẹrù mi há sí ibodè,
kí n tẹ ibí, kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sí ibẹ̀.
Mo tẹ ibí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.
Ògiri ló lanu; kí ni mo fẹ́ bá aláǹgbá sọ?

Owó kọ́ ló dùn mí.
Inú àpótí yẹn ni lẹ́tà Stefanija wà,
mọ́kàndínlógójì, láti orí ibùsùn ní Kaunas.
Èyí tó kẹ́yìn kò ju ìlà kan lọ:
"Má gbàgbé láti bo igi àjàrà kí òtútù tó dé."

Ugnė, ọmọ ọmọ mi, wọ ọkọ̀ ojú omi wá.
Kò bọ́ bàtà tó fi jókòó.
Ẹ̀rọ bi wá pé, "Kí ni orúkọ ẹran ọ̀sìn rẹ àkọ́kọ́?"
Stefanija ló ṣí àkáǹtì náà, ọdún kẹtàdínlógún rèé,
òun ló dá ìbéèrè náà lóhùn. Ó ní,
"Ìwọ ṣáà máa yan ẹja rẹ."
Mo ní Rudis, ajá pupa. Rárá.
Mo ní Pilkė, ológbò. Rárá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mo dákẹ́. Ọ̀sà ń lá etí bèbè.
Ìgbà náà ni mo rántí ọkọ̀ ojú omi kan, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
èmi àti ọmọbìnrin kan tí mi ò tíì mọ̀ dáadáa,
òjò ń rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi,
ni mo bá sọ ìtàn òbúkọ tí mo sìn ní kékeré,
onírùngbọ̀n, tó fi ìwo ti olórí oko ìjọba sínú ẹrẹ̀,
tí a fi ń pè é ní Direktorius.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin ọkọ̀ mú.
Mi ò tún dárúkọ ẹran náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.
Ilẹ̀kùn ṣí.

Fóònù àjèjì mẹ́ta ló jókòó sínú ilé mi.
Ugnė lé wọn jáde. Ó tún rí òfin kan
tí olè tẹ́ sábẹ́ ẹní: kí gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé
máa yà sọ́dọ̀ òun kó tó kàn mí.
"Ibi táwọn èèyàn kì í wò nìyí," ó ní, ó pa á rẹ́.
Ó yan ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan fún mi,
ó fi kóòdù tí kì í pẹ́ yí padà sórí fóònù,
ó kọ mẹ́wàá míì sórí ìwé, mo rọ wọ́n sínú agolo tíì.
Ó ní ká yí ìbéèrè náà padà pẹ̀lú,
pé irọ́ ló sàn jù níbẹ̀.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé àpò jáde, mo bo igi àjàrà.
Kazimiera tún pè. Ó ti rí igba yúrò náà,
ṣé mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?
Mo ní kó wá fi ra ẹja.